Ta Ló Rán Ọ? Akọrin Ẹ̀fẹ̀ àti Sójà WAI

Ẹni tó bá dìde láti bá ìlú wí, ìlú á yẹ inú òun náà wò: ṣé nítorí wa ló ṣe ń sọ̀rọ̀, àbí nítorí ara rẹ̀? Abániwí méjì ni mo fẹ́ fi ìbéèrè yìí wò. Èkíní ni akọrin Ẹ̀fẹ̀, tó ń jáde lóru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, Ìmẹ̀kọ àti ilẹ̀ Yewa. Èkejì ni sójà WAI (War Against Indiscipline), ogun tí ìjọba Bùhárí àti Ìdíàgbọn gbé ti ìwà jágbajàgba ní oṣù kẹta ọdún 1984.

Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde sí ọjà lóru, tòun ti ère lórí. Sójà a máa dúró ní ibùdókọ̀ lọ́sàn-án gangan, tòun ti kòbókò lọ́wọ́. Orin ni ti ọ̀kan, ẹgba ni ti èkejì. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni agọ̀ àti yunifọ́ọ̀mù ń ṣe: méjèèjì ń sọ fún ẹni tí à ń bá wí pé kì í ṣe ọmọ làgbájá ló ń bá a jà, ẹni tó rán an níṣẹ́ ni. Ará ìlú gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò yéé wádìí.

Kí Ẹ̀fẹ̀ tó fẹnu kan ẹnikẹ́ni, yóò júbà òrìṣà, yóò júbà àwọn ìyá tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà fún. Ìjúbà yẹn ló ń fi ẹni tó rán an hàn, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹni tí ó kọrin bú lè gbẹ̀san lára rẹ̀. Àwọn sójà náà júbà lọ́nà tiwọn: nígbà tí wọ́n gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù ni wọ́n kà sílẹ̀ fún ayé gbọ́. Ọ̀pọ̀ sì gbà wọ́n gbọ́. Àwọn tó ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ jà fún mólúè rí i pé èèyàn lè tò sórí ìlà kó sì wọkọ̀. Ó yẹ ká rántí èyí, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn WAI lónìí kì í sábà rántí ju kòbókò lọ.

Ẹni tí abániwí fojú fò ni àwọn èèyàn fi ń mọ inú rẹ̀. Ní 1984 kan náà, nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà, ìròyìn gbòde pé àpótí 53 ti àwọn ẹni ńlá gba pápákọ̀ òfurufú Èkó wọlé láìsí ẹni tó tú wọn wò. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nítorí pé ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ kò ṣàìgbọ́ ìròyìn yẹn. Bí akọrin Ẹ̀fẹ̀ bá bú olè adìyẹ tó sì fo ìjòyè, ìfura kan náà ló ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ewu mìíràn sì wà níbẹ̀: ààbò tó bo ẹni tó ń sọ òtítọ́ lè bo ẹni tó di kùnrùngbùn. Egbò kòbókò a máa jinná. Orin lè bá ọmọ dé ilé ọkọ. N kò lè sọ pé èyí fúyẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jù lọ ni ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran. Ẹ̀fẹ̀ ń dá orin, èrò ọjà ń gbè é. Orin tí wọn kò bá gbè, ẹnu akọrin ló kú sí. Sójà kò nílò elégbè. Òfin Kẹrin ọdún 1984, tó de ẹnu àwọn akọ̀ròyìn, tilẹ̀ sọ akọ̀ròyìn The Guardian méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n. Lójú tèmi, etí ara rẹ̀ ni ìjọba dí níjọ́ náà, nítorí kò tún rí ibi tí yóò ti gbọ́ ohun tí ìlú rò nípa èrò ọkàn rẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìwà lè yí padà láìjẹ́ pé a gba abániwí gbọ́. Ẹni tí Ẹ̀fẹ̀ kọrin bú lè jáwọ́ nínú àṣà náà, kó sì máa sọ títí ayé pé ìlara ló mú akọrin yẹn kọ ọ́. Ìjọba Bùhárí ṣubú ní oṣù Kẹjọ 1985, ọ̀pọ̀ sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó dúpẹ́ yẹn náà ló tún ń kó gọ́tà ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, nínú ìmọ́tótó oṣooṣù tí WAI bẹ̀rẹ̀, ọdún 2016 sì ni ìjọba Èkó tó fagi lé e.