Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ewúrẹ́: Kí Ló Ń Sọ Gan-an?

Ọ̀rọ̀ kata la bá dé lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí ẹlẹ́ran tí kò mọ̀ ọ́n: ikun imú á máa ṣàn, ojú á kún fún ìpin, ẹnu á dégbò, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e. Kí ẹ tó mọ̀, ìso ti ṣófo, owó òwò ti bómi lọ. PPR ni àwọn dókítà ẹran ń pè é. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kì í ran ènìyàn, àmọ́ ó burú púpọ̀ fún ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa.

Bí dókítà bá fa ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ewúrẹ́, kì í sábà jẹ́ fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni lábù ń wá. Ọmọ ogun tí ara ẹran kó jọ láti bá a jà ni wọ́n ń wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìwé náà kà nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ "positive", ẹ má tìtorí ẹ̀ ta ẹran yín ní ọ̀pọ̀. Ó lè ti ṣàìsàn náà rí kó sì yè é. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Àyẹ̀wò yìí ò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín: ṣé ẹ ti gún un? Ìgbà wo?

"Negative" gan-an ló ń bà wá lẹ́rù jù. Ẹran tó kó o lánàá kò tíì ní ọmọ ogun kankan. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó hàn. Ara rẹ̀ á ṣì máa dán! Nítorí náà, ẹ má so tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A mọ̀ pé àyè ò sí lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ń bẹ.

Èyí tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ ńkọ́? Òwú ni wọ́n á fi nu ojú àti imú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì wà. Kò sí oògùn tó ń pa á. Kápúsù tí à ń já sí wọn lẹ́nu, kòkòrò mìíràn tó gun orí àìsàn náà ló ń bá jà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wà. Wọ́n ń ṣe é ní Vom, lẹ́bàá Jos. Ẹ̀ẹ̀kan péré máa ń dáàbò bò ó tó ọdún 3. Ooru ló ń bà á jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rá lásán gbé e wá láìsí yìnyín, ẹ ní kó máa gbé e lọ.