Iṣẹ́, Ipa tàbí Oyè? Èdè-Ìperí fún Àtúnṣe Àkọsílẹ̀ lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì Kọ̀ǹpútà Alákòóso

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni èdè-ìperí tí ó yẹ kí a fi ṣàlàyé ìṣòro kan tí ó máa ń dojú kọ àwọn tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́, ní báńkì àti ní yunifásítì. Ìṣòro náà a máa yọjú nígbà tí a bá fẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kan tì, tí àwọn ohun kan tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nìkan ṣoṣo kò sì ní arọ́pò. Ọ̀ràn náà kò tíì di ìtàn. Ìtọ́jú tí Microsoft ń ṣe fún Windows Server 2008 R2 láìgba àfikún owó dópin ní ọjọ́ 14, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020. Ti Windows Server 2012 dópin ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023. Ẹni tí ó bá ṣì ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má fẹ̀yìn rẹ̀ tì.

Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀-ìperí tí kò bá bá ìwà ohun tí ó ń tọ́ka sí mu lè mú kí ẹlẹ́rọ wá àìsàn sí ibi tí kò sí. A ó fi ọ̀ràn yìí ṣe àpẹẹrẹ.

2. Ohun tí a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀

Active Directory, tí ó jáde pẹ̀lú Windows 2000 ní ọdún 2000, jẹ́ àkọsílẹ̀ tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́, àwọn kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹgbẹ́ inú iléeṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀. A ó pe ibi tí àṣẹ àkọsílẹ̀ náà dé ní àgbègbè-àṣẹ. Kọ̀ǹpútà tí ó ní àkọsílẹ̀ yìí lọ́wọ́, tí ó sì ń yẹ òṣìṣẹ́ wò kí ó tó wọlé, ni a ó pè ní alákòóso. Alákòóso a sábà máa ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí a bá kọ sínú ọ̀kan ni àwọn yòókù yóò dà kọ. Èyí ni ìdàkọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan márùn-ún kan wà tí a kò lè fi sílẹ̀ fún gbogbo alákòóso pọ̀, nítorí pé bí méjì bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, àkọsílẹ̀ yóò dàrú. Alákòóso kan ṣoṣo ni a ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún. Kí ni kí a máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

3. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta

(a) Iṣẹ́: Gbogbo alákòóso ni ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò fi hàn pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ni ín.

(b) Ipa: Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè kó ipa nínú ọ̀ràn kan náà. Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè rò pé eré orí ìtàgé ni a ń sọ.

(d) Oyè: Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń jẹ ẹ́ ní àkókò kan, a lè fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, bí olóyè bá sì kú, oyè kì í bá a kú.

Lójú tiwa, oyè ni ó yẹ. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ ṣàkíyèsí ibi tí àfiwé náà parí sí. Ní ìlú, bí ọba bá wàjà, àwọn afọbajẹ yóò jókòó. Níhìn-ín, kò sí alákòóso tí yóò dìde fúnra rẹ̀ láti gba oyè tí ó ṣófo. Orúkọ ẹ̀rọ tí ó ti kú ni yóò wà nínú àkọsílẹ̀ títí ẹlẹ́rọ yóò fi yí i padà. Ẹlẹ́rọ nìkan ni afọbajẹ.

4. Àwọn oyè márùn-ún

(i) Olóyè ìlànà, èyí tí a ń pè ní Schema Master lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń tọ́jú ìlànà irú ohun tí a lè kọ sínú àkọsílẹ̀.

(ii) Olóyè ìsọlórúkọ, Domain Naming Master, ni ó ń fọwọ́ sí i bí a bá fẹ́ fi àgbègbè-àṣẹ tuntun kún èyí tí ó wà, tàbí kí a yọ ọ̀kan kúrò. Bí àwọn àgbègbè-àṣẹ tilẹ̀ pọ̀ nínú ètò kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan olóyè méjèèjì yìí ni yóò wà fún gbogbo wọn. Àwọn mẹ́ta tí ó kù ń jẹ oyè ní àgbègbè-àṣẹ kọ̀ọ̀kan.

(iii) Olóyè nọ́ńbà, RID Master, ni ó ń pín nọ́ńbà fún àwọn alákòóso, 500 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni méjì má baà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà.

(iv) Olóyè àgbà, PDC Emulator, ni aago àwọn yòókù ń tẹ̀ lé. Òun náà ni ó ń kọ́kọ́ gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ ìwọlé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Bí a bá túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí "afarawé", a óò ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí pé Windows NT àtijọ́ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lónìí.

(v) Olóyè ìtọ́kasí, Infrastructure Master, ni ó ń tún ìtọ́kasí ṣe bí orúkọ ẹni tí ó wà ní àgbègbè-àṣẹ kan bá yí padà nígbà tí ẹni náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní àgbègbè-àṣẹ mìíràn. Ohun amáyédẹrùn ni a mọ infrastructure sí nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n kò sí títì tàbí omi ẹ̀rọ nínú ọ̀ràn yìí.

Bí oyè kan bá ṣófo, kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń fi ara hàn. Ti olóyè àgbà a máa tètè hàn: aago yóò máa yàtọ̀ síra, bí ìyàtọ̀ náà bá sì ju ìṣẹ́jú 5 lọ, Kerberos tí ó ń yẹ òṣìṣẹ́ wò kò ní gbà á wọlé, àyàfi bí a bá ti yí òdiwọ̀n náà padà. Ti olóyè nọ́ńbà a máa pẹ́: ó di ìgbà tí nọ́ńbà tí ó wà lọ́wọ́ alákòóso bá tán kí a tó rí i pé kò lè forúkọ òṣìṣẹ́ tuntun sílẹ̀ mọ́. Ti olóyè ìlànà àti ti ìsọlórúkọ lè pẹ́ ní ọdún púpọ̀, nítorí pé a kì í sábà bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

5. Ìfàlélọ́wọ́ àti ìfipágbà

Bí ẹ̀rọ tí a fẹ́ fẹ̀yìn rẹ̀ tì bá ṣì wà láàyè, ìfàlélọ́wọ́ ni ọ̀nà tí ó tọ́: olóyè àtijọ́ àti olóyè tuntun yóò jọ mọ̀ sí i. Àṣẹ Move-ADDirectoryServerOperationMasterRole ni a ń lò. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ tí a bá fẹ̀yìn rẹ̀ tì létòlétò yóò gbìyànjú láti fa àwọn oyè náà lé òmíràn lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ó sàn kí a ti yan arọ́pò ṣáájú.

Bí ẹ̀rọ náà bá ti bàjẹ́ pátápátá, ìfipágbà ni ó kù. A ó fi -Force kún àṣẹ kan náà, tàbí kí a lo ntdsutil, èyí tí yóò kọ́kọ́ gbìyànjú ìfàlélọ́wọ́ kí ó tó fi ipá gbà á. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ àtijọ́ kò gbọdọ̀ padà wá sórí ìsokọ́ra mọ́ bí a kò bá tíì nu gbogbo inú rẹ̀. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan: bí olóyè nọ́ńbà méjì bá ń pín nọ́ńbà, ẹni méjì lè gba ẹyọ kan náà.

Ìpalẹ̀mọ́ ni ó tẹ̀ lé e, èyíinì ni yíyọ orúkọ ẹ̀rọ tí ó kú kúrò nínú àkọsílẹ̀. Láti ìgbà Windows Server 2008 ni irinṣẹ́ ti ń ṣe púpọ̀ nínú èyí bí a bá ti pa orúkọ alákòóso náà rẹ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ wo inú DNS pẹ̀lú, kí àwọn kọ̀ǹpútà má baà máa kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni mọ́.

6. Oyè méjì tí ó fara sin

Ibí ni ọ̀rọ̀ wa ti já sí kókó. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹlẹ́rọ kan ti ṣe gbogbo èyí ní iléeṣẹ́ tí ó ní àgbègbè-àṣẹ kan ṣoṣo. Ó tẹ netdom query fsmo. Olóyè márùn-ún jáde, gbogbo wọn sì wà láàyè. Ó dunnú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lo adprep /rodcprep láti múra sílẹ̀ fún alákòóso tí a lè kà ṣùgbọ́n tí a kò lè kọ nǹkan sí. Àṣẹ náà kọ̀. Ó ní òun kò rí olóyè ìtọ́kasí.

Ìdí rẹ̀ ni pé láti ìgbà Windows Server 2003 ni àkọsílẹ̀ DNS ti ní ìpín méjì tirẹ̀, DomainDnsZones àti ForestDnsZones, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní oyè ìtọ́kasí tirẹ̀. Àṣẹ netdom kì í dárúkọ méjèèjì. Bí a bá fi ADSI Edit ṣí ohun tí ń jẹ́ CN=Infrastructure nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, tí a sì wo fSMORoleOwner, a lè rí orúkọ ẹ̀rọ àtijọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àmì 0ADEL, tí ó fi hàn pé a ti pa á rẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a so irinṣẹ́ náà mọ́ alákòóso tí yóò jẹ oyè náà gan-an, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún dípò ti òkú.

Ẹni tí a fi "iṣẹ́" kọ́ yóò máa béèrè pé, "Iṣẹ́ wo ni kò lọ?" Kò ní rí ìdáhùn, nítorí pé kò sí iṣẹ́ ojoojúmọ́ kan tí ó dúró. Ẹni tí a fi "oyè" kọ́ yóò béèrè pé, "Orúkọ ta ni ó wà lórí oyè yìí?" Ìbéèrè kejì yìí ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti dábàá oyè, olóyè, ìfàlélọ́wọ́, ìfipágbà àti ìpalẹ̀mọ́. A kò sọ pé kò sí èyí tí ó lè sàn jù wọ́n lọ. Ohun tí a tẹnu mọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò rán ẹlẹ́rọ létí pé ẹ̀rọ lè lọ, kí orúkọ rẹ̀ sì ṣì máa jẹ oyè.