Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́-Olùkọ́ ní Máàpù Yíyà Pẹ̀lú QGIS: Àṣìṣe Mẹ́rin Tó Yẹ Ká Ṣọ́

Àṣamọ̀
Bí a ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ní máàpù yíyà pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní QGIS ni pépà yìí dá lé lórí. Èrò wa ni pé mímọ bọ́tìnnì tí a ó tẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ̀kọ́ tó ṣe kókó ni yíyẹ máàpù wò kí á tó gbà á gbọ́. A ṣàlàyé àṣìṣe mẹ́rin tó máa ń fara pamọ́, a sì dábàá ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà fi wọ́n kọ́ni.

Ìfáàrà
QGIS, tí Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, fún olùkọ́ jọ́gíráfì ní àǹfààní láti ya máàpù agbègbè tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Bí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà ọ̀nà àti odò náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ OpenStreetMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004. Ṣùgbọ́n máàpù tí kọ̀ǹpútà yà máa ń dán, ó sì máa ń jọ òótọ́ kódà nígbà tí kì í ṣe òótọ́. Bí a bá fi irú rẹ̀ pinnu ibi tí ilé-ìwé tuntun yóò wà, àwọn ọmọ kéékèèké ni yóò máa fi ẹsẹ̀ rin àṣìṣe wa.

Àpẹẹrẹ iṣẹ́ kan
Ká ní a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya máàpù àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Okene àti àyíká rẹ̀, kí wọ́n sì fi àwọn abúlé tó jìnnà sí ilé-ìwé ju kìlómítà 2 lọ hàn. Wọn yóò fi fóònù gba ipò ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, wọn yóò kọ ọ́ sínú àtẹ CSV, wọn yóò sì gbé e wọ inú QGIS. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

1. Pípààrọ̀ nọ́ńbà
QGIS máa ń béèrè òpó X àti òpó Y. Lọngitúùdù ni X, látitúùdù ni Y. Látitúùdù ni fóònù sì sábà máa ń kọ ṣáájú. Okene wà ní nǹkan bí 7.55 ní àríwá àti 6.24 ní ìlà-oòrùn. Bí a bá pààrọ̀ nọ́ńbà méjèèjì, àmì Okene yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gúúsù ìlú Enugu. Kò bọ́ sínú òkun, kò sì jáde kúrò ní Nàìjíríà. Kò sí ohun tí yóò ta akẹ́kọ̀ọ́ lólobó. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó kọ́kọ́ gbé máàpù mìíràn sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kó sì wá ilé-ìwé kan tó mọ̀ dáadáa lórí rẹ̀.

2. Dígírì kì í ṣe mítà
WGS 84 ni fóònù ń lò, dígírì ló sì fi ń wọn ilẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ 2 láti fa ìlà róbótó yí ilé-ìwé ká, dígírì 2 ni yóò jẹ́, dígírì kan sì tó nǹkan bí kìlómítà 111. Ìlà kan ṣoṣo láti Okene yóò gba Lọ́kọ́ja, Àkúrẹ́, ìlú Benin àti Enugu mọ́ra. Máàpù náà yóò wá sọ pé kò sí abúlé kankan tó jìnnà sí ilé-ìwé.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí á sọ dátà di UTM, tó ń lo mítà, kí á sì kọ 2000. Nàìjíríà wà nínú ẹkùn UTM mẹ́ta: 31, 32 àti 33. Lọngitúùdù 6 ni ààlà 31 àti 32, nítorí náà Àkúrẹ́ wà ní 31, Okene sì wà ní 32.

3. Máàpù àtijọ́
Ọ̀pọ̀ máàpù bébà àtijọ́ ní Nàìjíríà dúró lórí ìpìlẹ̀ ìwọnlẹ̀ Minna, kì í ṣe WGS 84. Nọ́ńbà kan náà lórí méjèèjì kò tọ́ka sí ojú kan náà. Ìyàtọ̀ wọn lè ju mítà 50 lọ. Èyí tó láti gbé ilé-ìwé kan sọdá odò.

4. Orúkọ ìlú
Bí a kò bá fi àtẹ pamọ́ ní UTF-8, ẹ, ọ, ṣ àti àwọn àmì ohùn lè di àmì tí kò nítumọ̀. Bí orúkọ abúlé bá bàjẹ́ báyìí, ará ibẹ̀ gan-an lè má dá abúlé rẹ̀ mọ̀ lórí máàpù.

Ìdámọ̀ràn
A dábàá pé kí olùkọ́ mọ̀ọ́mọ̀ fún kíláàsì ní àtẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ ti pààrọ̀, kí wọ́n fúnra wọn wá àṣìṣe náà rí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sábẹ́ máàpù rẹ̀ ibi tí dátà ti wá, ọjọ́ tí a gbà á àti ìpìlẹ̀ ìwọnlẹ̀ rẹ̀, kí a sì fún un ní máàkì fún un. Kí wọ́n fẹsẹ̀ rin ó kéré tán ọ̀nà kan tó wà lórí máàpù náà, kí wọ́n sì bi ará abúlé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Kọ̀ǹpútà kì í sábà béèrè. Ohun tí a bá fún un ni yóò yà. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tó bá kọ́ bí a ṣe ń bi máàpù ní ìbéèrè yóò lè kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà, kódà bí bébà àti pẹ́ńsùlù nìkan ló bá wà lọ́wọ́ wọn.