Bí àgbàlagbà tó ń ṣàrán kò bá lè gbé oúnjẹ mì mọ́

Ọ̀pọ̀ ilé ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbà jókòó, òkèlè ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti bí ìṣẹ́jú 10, kò gbé e mì, kò sì tu ú dànù. Ọmọ tó ń bọ́ ọ ti ń bínú: "Màmá, ẹ gbé e mì jàre!" Wọ́n ní agídí ni ìyá ń ṣe. Agídí kọ́. Àìsàn tó ń gba iyè lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti dé ọ̀fun.

Ọpọlọ ló ń darí bí a ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Òun ló ń sọ fún ahọ́n pé kó ti òkèlè sẹ́yìn, òun náà ló ń pàṣẹ pé kí ọ̀nà èémí pa dé bí oúnjẹ bá ń kọjá. Bí àìsàn arán tí àwọn dókítà ń pè ní dementia bá ti wọ ara, àṣẹ náà á máa pẹ́ kó tó dé. Oúnjẹ á wá ṣì ọ̀nà, á gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóóró, ibẹ̀ ni òtútù àyà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa ṣọ́ ikọ́ tí àgbàlagbà ń wú bó bá ń mu omi, ohùn tó dà bí ẹni pé omi wà lọ́fun, oúnjẹ tó ń kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti ara tó ń joro. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wúkọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú ohun tí à ń ṣe ni rírọ. Bí wọ́n ti ń rọ ògì sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń dà á sí bàbá wọn lẹ́nu lórí ìdùbúlẹ̀, torí wọn kò fẹ́ kí ará àdúgbò sọ pé ebi ni wọ́n fi ń pa á. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè ṣekú pa á. Ẹ gbé e jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ. Ṣíbí kékeré ni kí ẹ lò, kí èyí tó wà lẹ́nu wọlé tán kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Kò rọrùn, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Bí oorun bá ń kùn ún, ẹ dúró ná. Gààrí tí a fi omi rẹ, tí ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, kò dára fún un: omi á ti sáré lọ kí ó tó rún ẹ̀pà tán. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí kò ní egungun ẹja sàn jù ú lọ. Ẹ máa fọ ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí ìdọ̀tí ẹnu wà lára ohun tí ń fa òtútù àyà. Ẹ má sì lọ oògùn oníhóró fún un láì bèèrè lọ́wọ́ apòògùn.

Àwọn ẹbí kan á ní kí dókítà fi rọ́bà bọ́ ọ láti inú ikùn. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, American Geriatrics Society, sọ pé àwọn kò fọwọ́ sí i fún ẹni tí dementia rẹ̀ ti le gan-an. Fífi ọwọ́ bọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù ni wọ́n ní kí a yàn dípò rẹ̀. Bó bá jẹ ṣíbí márùn-ún tó sì pa ẹnu dé, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ tún gbé e wá lẹ́yìn wákàtí kan.