Ìrìnàjò Èmi àti Ìyá Àgbà: Àgbádárìgì, Ṣọ́ọ̀ṣì Aké àti Abẹ́ Olúmọ

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ìrìnàjò kan fún yín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo agbo ilé wa ní Ìjẹmọ̀, Abẹ́òkúta, ń pè ní Ìyá Àgbà, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ̀ wọ́n sí ẹni tí kì í pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ. Lóṣù tó kọjá wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní, “Àkànní, orúnkún ń dà mí láàmú. Kó tó di pé n kò lè rìn mọ́, gbé mi dé Àgbádárìgì, kí n fojú mi rí ibi tí ìhìnrere ti gúnlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.”

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n bí a bá padà dé, kí àwọn náà bá mi gun òkè Olúmọ. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ wọn. “Olúmọ kẹ̀? Ibi tí wọ́n ń bọ? Láti kékeré ni mo ti ń wò ó lókèèrè, n kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí.” Mo bẹ̀ wọ́n títí. Nígbà tó yá wọ́n ní, “Wa ọkọ̀ rẹ ná.” N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìyẹn.

A gba Ìfọ̀, Ọ̀tà, Àtàn àti Agbára. Gbogbo ihò tí táyà bá kó sí ni Ìyá Àgbà ń ké pe Olúwa, débi pé nígbà tí a fi dé Àgbádárìgì, àdúrà tí wọ́n gbà ti ju ti ìṣọ́ òru lọ.

A kọ́kọ́ lọ síbi tí igi Agia wà rí. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842. Igi náà wó ní 1959, ohun ìrántí ló kù níbẹ̀. Ìyá Àgbà bi mí pé òyìnbó wo ló wàásù. Mo ní Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, kì í sì í ṣe òyìnbó pọ́ńbélé: adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo parọ́. Mo tún sọ fún wọn pé òyìnbó kò ṣàdédé wá Ẹ̀gbá wá. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró, ni wọ́n padà wálé, tí wọ́n sì ránṣẹ́ pé àwọn ń fẹ́ oníwàásù. Ó yẹ kí a máa sọ èyí fún àwọn ọmọ wa ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn èyí a dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845. Ẹ wá wo Ìyá Àgbà lórí àtẹ̀gùn! Orúnkún tó ń dà wọ́n láàmú kò sọ nǹkan kan. Lókè níbẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún wọn. Ní January 1845 ni òun, Henry Townsend àti Gollmer dé Àgbádárìgì. Ọdún náà ni Ṣódẹkẹ́ tó ń retí wọn kú, ogun sì dí ọ̀nà. Ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n fi dúró. Nígbà tí Crowther wọ Abẹ́òkúta ní 1846, kò pẹ́ tó fi rí Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Ìyá Àgbà fi etí gèlè nu ojú. Wọ́n ní, “Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Kí ni ìyá náà kọ́kọ́ wí?” N kò lè dáhùn.

Ní ọjọ́ kejì a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1846 yẹn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara ògiri, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Mo rán wọn létí Ìfọ́lé 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé òyìnbó jáde, tí wọ́n sì kó ilé míṣọ́nnì. (Townsend yìí náà ló dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ nílùú wa ní 1859, àwa tí à ń kọ̀wé lónìí jẹ ẹ́ ní gbèsè.)

Bí a ti ń gba Ìjẹmọ̀ kọjá, Ìyá Àgbà dákẹ́ lọ gbáà. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ní 1914, bàbá arúgbó kan láti Ìjẹmọ̀, Ṣóbíyìí Pọ́nládé, kú sí àtìmọ́lé. Àwọn ènìyàn fárí gá. Ní 8 August, sọ́jà yìnbọn fún wọn, ẹni tó kú lé ní ọgbọ̀n, Olúwo Ìjẹmọ̀ sì wà lára wọn. Ní oṣù kejì, òmìnira tí Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí fún Ẹ̀gbá ní 1893 parí. “Má dúró,” ni wọ́n wí. “Máa lọ sí Olúmọ rẹ.”

Díẹ̀díẹ̀ ni a gun òkúta náà. Nígbà tí a kọjá níwájú ojúbọ, wọ́n kọ ojú síbòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé abẹ́ àpáta tí àwọn baba wa sá sí, afinimọ̀nà fi àwọn ihò tó wà nínú òkúta hàn wá, ó ní ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ nígbà ogun. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ọwọ́ bọ inú ihò kan, wọ́n ń yí i bí ẹni ń lọ ata.

“Ọdún wo ni wọ́n dé ibí?”

“1830, Ìyá Àgbà.”

“Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé.” Wọ́n tún yí ọwọ́. “Ìyá tó bí ìyá ìyá wa ló ń lọ ata níbí, èmi sì ń kọ ojú síbòmíràn fún un láti ọdún yìí wá.”

Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, arúgbó obìnrin kan tó ń tọ́jú ojúbọ kí wa. Ìyá Àgbà dá a lóhùn, wọ́n sì bi í bóyá orúnkún ń dùn ún. Ó ní ó ń dùn òun gan-an. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ orúnkún títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Nínú ọkọ̀ wọ́n ní, “Níbo wá ni Ìjẹmọ̀ wà, kí wọ́n tó sá wá síbí?” Mo ní nínú igbó Ẹ̀gbá ni, lápá ọ̀nà Ìbàdàn, níbi tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú wa lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí Òwu tú, Ìbàdàn pàápàá, orí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló wà.

“Ọjọ́ wo lo ráyè?”

Mo ti gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì. Ó ní ihò ọ̀nà ti ba abẹ́ rẹ̀ jẹ́, kí n padà wá ní Sátidé.