Ìgò Ike Tó Ń Dí Gọ́tà Lè Di Aṣọ Abẹ́ Títì

Ọ̀rọ̀ ìgò ike ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń ná Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tàbí tó ń gba Yábà kọjá ní Oǹdó, mọ̀ ọ́n dáadáa. A mu omi tán, a ju ìgò nù. Òjò dé, ó gbá a lọ sínú gọ́tà, gọ́tà dí, ọ̀gbàrá sì gun orí títì. Mo ti rin ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì mọ ohun tí títì tó bàjẹ́ ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò: táyà ni o, àkókò ni o, tòmátì tó rà kó tó dé ọjà ni o.

Ìgò yìí kan náà lè gba títì là. Aṣọ kan wà tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní geotextile. Wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sórí amọ̀ kí wọ́n tó da òkúta lé e. Ẹ wo aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ ògì: omi ń gbà á kọjá, èérí kò gbà á kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ yìí rí. Omi a ṣàn lọ, erùpẹ̀ kò ní í bá a lọ, òkúta kò sì ní í rì sínú ẹrẹ̀.

Ní 1926, ní South Carolina ní Amẹ́ríkà, aṣọ òwú ni wọ́n kọ́kọ́ lò fún títì. Ṣùgbọ́n òwú ń jẹrà. Ike kì í tètè jẹrà. Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀tá wa nínú gọ́tà, òun náà ló sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ wa lábẹ́ títì.

Báwo ni wọ́n ti ń ṣe é? Wọn a yọ ìdérí àti bébà ara ìgò, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a sá a gbẹ. Wọn a yọ́ ọ nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ omi híhó, wọn a tì í gba ihò tín-ín-rín jáde bí òwú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún abẹ́rẹ́ a wá máa gún òwú náà títí yóò fi lọ́ mọ́ra bíi búláńkẹ́ẹ̀tì. Aṣọ Terylene tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì ṣàwárí ní 1941, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ìgò yìí.

Kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn o. Oòrùn ń ba aṣọ náà jẹ́, ẹfun àti sìmẹ́ǹtì tútù náà ń bà á jẹ́. Títì tí kò bá sì ní gọ́tà yóò bàjẹ́ dandan.

Ní Èkó, láti 2012 ni Wecyclers ti ń gba ike àlòkù lọ́wọ́ àwọn ará ilé, tí wọ́n sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn. Àwa náà ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ láti 1981. Àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ kò wọ́n wa.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kì í ṣe ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ìgò. Bí wọ́n bá dàpọ̀, òwú yóò bàjẹ́. Ìyá ọlọ́jà, ẹ fi àpò kan sọ́tọ̀ fún ìgò nìkan. Tíṣà, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ méjì sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ẹ má jẹ́ kí òjò tó ń bọ̀ bá ìgò kankan nínú gọ́tà.