Láti 0802 dé ọ̀dọ̀ àwọn Bell

Ẹni tó ti ń lo nọ́ńbà 0802 láti ọdún 2001, yálà ẹja ló ń tà lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni o, tàbí aṣọ ló ń rán ní Sábó, Ìkòròdú, ó ti rí nǹkan. Econet ló kọ́kọ́ ń gba owó ìpè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2004 ó di Vodacom, kò pẹ́ ó di Vmobile, ó tún di Celtel, ó di Zain, ó wá di Airtel ní 2010. Agboòrùn àwọn tó ń ta káàdì ń pààrọ̀ àwọ̀, nọ́ńbà oníbàárà kò yẹ̀.

Ojú yẹn ni kí ẹ fi wo Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, AT&T, tí wọ́n tún ń pè ní Bell, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ni gbogbo tẹlifóònù ibẹ̀. Ìjọba pè é lẹ́jọ́ ní 1974. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984, wọ́n gba ìpè abẹ́lé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n pín in fún iléeṣẹ́ méje, kálukú ní agbègbè tirẹ̀: NYNEX ní New York, Pacific Telesis ní California, Southwestern Bell ní Texas, àtàwọn yòókù. Ìpè ọ̀nà jíjìn ni AT&T dì mú.

Àwọn méje yìí ló ni wáyà tó wọ inú ilé, ibẹ̀ gan-an ni agbára wà. Nígbà náà, kí ìpè láti òkèèrè tó lè dún nílé ẹnì kan ní Texas, iléeṣẹ́ ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹni tó ni wáyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni MTN ń sanwó fún Airtel tí ẹni tó ń lo MTN bá pe ẹni tó ń lo Airtel. NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ló ń dá iye rẹ̀.

Lẹ́yìn tí òfin ìbánisọ̀rọ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1996 tú okùn, àwọn méje náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra ara wọn. Bell Atlantic, tó wà lára wọn, gba NYNEX, ó gba GTE tí kò sí lára wọn, ó di Verizon. Southwestern Bell, tó ti ń jẹ́ SBC, ra Pacific Telesis àti Ameritech, tí àwọn náà wà lára méje yẹn; ní 2005 ó ra AT&T fúnra rẹ̀, ó sì gba orúkọ rẹ̀. Ọmọ ra ìyá, ó tún ń jẹ́ orúkọ ìyá!

NITEL tiwa, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba Nàìjíríà, ló ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó pín in kó lè tún dàgbà. Transcorp rà á ní 2006, ìjọba gbà á padà. Kí NATCOM tó ra èyí tó kù ní 2015, ọ̀pọ̀ wáyà rẹ̀ ti bàjẹ́. Wáyà tẹlifóònù àtijọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì gbà wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, òpó GSM ni ọ̀pọ̀ wa ń gbára lé.